Dídá Ojúlówó Egbòogi Mọ̀: Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà àti Iṣẹ́ Àgbà

Nínú igbó tí ó yí òkè àpáta Ìdànrè ká, ẹni tí ó mọ ewé kì í fi ojú nìkan dá igi mọ̀. Ó ń gbóòórùn èèpo, ó sì mọ ilẹ̀ tí igi náà hù sí. Ṣùgbọ́n bí èèpo bá ti gbẹ, tí a sì lọ̀ ọ́ kúnná kí ó tó dé ọjà, ọ̀pọ̀ nínú àmì wọ̀nyí ti pòórá. Àpẹẹrẹ rere ni ahùn àti asofẹ́yẹjẹ. Ẹbí kan náà ni igi méjèèjì, oje funfun ni wọ́n sì ń sun. Ahùn ni a ń lò fún ibà. Asofẹ́yẹjẹ ni a fi ń tọ́jú wèrè, èròjà reserpine inú rẹ̀ a sì máa mú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Bí a bá ṣi ọ̀kan mú fún èkejì, ìyà aláìsàn di méjì.

Irú àṣìmú bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí ní Brussels, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Egbòogi ilẹ̀ Ṣáínà kan rọ́pò òmíràn nínú oògùn tí àwọn tí ó fẹ́ dín sísanra kù ń lò, nítorí pé orúkọ wọn jọra. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1993. Àwọn tí kíndìnrín wọn bàjẹ́ lé ní 100.

Ọ̀nà kan tí àwọn onímọ̀ ń gbà yanjú ọ̀ràn yìí lónìí ni pé wọ́n ń tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí sí ìyẹ̀fun egbòogi. Ìyẹ̀fun náà a gba díẹ̀ mọ́ra, a sì dá ìyókù padà. Wọn a kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, wọn a sì fi ti ọ̀pọ̀ egbòogi tí a ti mọ̀ dájú kọ́ kọ̀ǹpútà, títí yóò fi lè dá èyí tí kò rí rí mọ̀. Bí ilẹ̀ àti òjò ti ń yí èròjà ewé padà, ó tún lè tọ́ka sí ibi tí ewé ti wá.

Ṣùgbọ́n bí gbogbo ti Ìdànrè bá jẹ́ èyí tí a sá sí oòrùn, tí ti ibòmíràn sì gbẹ lábẹ́ òrùlé, kọ̀ǹpútà lè kọ́ ọ̀nà ìsáǹgbẹ, kí ó sì pè é ní ìlú. Bí a bá sì gbé igi tí a kò fi kọ́ ọ rí síwájú rẹ̀, ó lè fún un ní orúkọ èyí tí ó jọ ọ́ jù lọ.

Nítorí náà, iṣẹ́ kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀rọ. Ó di dandan kí àgbà tí ó mọ igbó fi igi hàn, kí a kọ ibi àti ọjọ́ tí a já a sílẹ̀, kí a sì fi ẹ̀ka rẹ̀ wé èyí tí ó wà ní ilé ìpamọ́ ewéko, irú èyí tí ó wà ní Ibùdó Ìwádìí Igbó ní Ìbàdàn. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kọ̀ǹpútà ń lò. Bí àwọn tí ó mọ ewé bá kú láìfi ìmọ̀ wọn lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kò ní rí ohun tí yóò kọ́.