Ibi Tí Ìpíndọ́gba Ń Kó Jọ Sí

Ẹni tó bá ti ta lúdò rí mọ̀ pé mẹ́fà-mẹ́fà kì í yá bọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí ariwo fi ń sọ tó bá já. Kì í ṣe pé dáìsì ń ṣojúsàájú. Tí a bá ju méjì pọ̀, ọ̀nà 36 ni wọ́n lè gbà jókòó. Ọ̀nà kan péré ló dé 12, àmọ́ mẹ́fà ló dé 7. Tí dáìsì bá di mẹ́ta, ọ̀nà di 216: 18 ṣì ní ẹyọ kan, 10 ti ní 27, 11 náà ní 27. Àárín ń ga bí òkìtì, etí ń tẹ́.

Ẹ jẹ́ ká gbé e dé Táíwò Road, ní Ìlọrin. Ká dúró létí títì, ká ka èèyàn inú ohun ìrìnnà kọ̀ọ̀kan tó ń kọjá. Ọ̀kadà gbé méjì, Kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé mẹ́rin, ẹnì kan ń dá wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ, bọ́ọ̀sì kan kún dé ẹnu. Tí a bá to iye wọ̀nyí, kò ní jọ òkìtì rárá: púpọ̀ á wà níbi tó kéré, bọ́ọ̀sì á sì dá wà lọ́ọ̀ọ́kán.

Ó dáa, ká mú ohun ìrìnnà 30 láìṣẹ̀ṣà, ká ro èèyàn inú wọn pọ̀, ká pín in sọ́nà 30. Èsì náà ni ìpíndọ́gba. Ká kọ ọ́ sílẹ̀, ká mú 30 mìíràn. Bí èsì bá ṣe ń pọ̀, òkìtì á yọjú. Kí ìpíndọ́gba kan tó lè ga gan-an, àfi kí bọ́ọ̀sì rọ́ wọnú 30 kan náà. Ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ kò pọ̀.

Abraham de Moivre ti rí èyí lórí owó ẹyọ tí à ń jù sókè lọ́dún 1733; Laplace fẹ̀ ẹ́ lójú lọ́dún 1810. Central limit theorem ni àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè é.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí òkìtì náà fún pọ̀ dé ìdajì, 60 kò tó o. 120 ni yóò máa mú lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá sì lọ dúró síbi tí bọ́ọ̀sì ti ń kó èrò, òkìtì tirẹ̀ náà á yọ o, ṣùgbọ́n ibi tí kò yẹ ni yóò yọ sí.