Kí ni iṣẹ́ 'model' nínú ètò MVC, kí ló sì pa á pọ̀ mọ́ owó àjọ?

Bí ènìyàn bá ṣí áàpù lórí fóònù rẹ̀ láti wo iye owó tó ti fi pamọ́, ohun tí ojú rẹ̀ ń rí kò ju nọ́ńbà àti bọ́tìnnì díẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn ojú ewé náà ni iṣẹ́ gidi wà. Ta ló sọ pé iye owó náà jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ta ló sì láṣẹ láti sọ pé ó tó yọ tàbí kò tó?

Nínú ètò tí àwọn tó ń kọ ojú òpó ayélujára ń pè ní MVC, model ni ìbéèrè wọ̀nyí wà lọ́rùn rẹ̀. Òun náà sì ni apá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣì lóye jù.

Lẹ́tà mẹ́ta náà dúró fún model, view àti controller. View ni ojú tí oníbàárà ń rí. Controller ló ń gba ìbéèrè lẹ́nu ọ̀nà, tó ń gbé e lọ síbi tó yẹ, tó sì ń mú èsì padà wá. Model ló mọ ohun tí iṣẹ́ náà dá lé lórí àti òfin tó dè é.

Ibo ni èrò yìí ti wá?

Trygve Reenskaug, ọmọ orílẹ̀-èdè Norway, ló gbé èrò náà kalẹ̀ lọ́dún 1979, nígbà tó ń ṣe àlejò ní ilé ìwádìí Xerox PARC ní California, Amẹ́ríkà. Kò tíì sí ojú òpó ayélujára kankan láyé nígbà náà. Ó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lórí ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi. Ohun tó ń wá ni pé kí ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà bá ohun tó wà lọ́kàn òṣìṣẹ́ mu, bó ti wù kí ojú tí wọ́n fi ń wò ó pọ̀ tó.

Rails, tó jáde lọ́dún 2004, àti Django, tó tẹ̀lé e lọ́dún 2005, wà lára àwọn tó sọ èrò náà di gbajúmọ̀ láàrin àwọn tó ń kọ ojú òpó. Django tilẹ̀ tún orúkọ pín: ohun tó ń pè ní view súnmọ́ ohun tí àwọn mìíràn ń pè ní controller. Ìyẹn nìkan ti da orí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rú.

Káàdì kọ́ ni alájọ

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n rò pé model kò ju àká dátà lọ. Àpẹẹrẹ alájọ lè là á yé.

Ká ní oníṣòwò kan ń dá ₦1,000 lójoojúmọ́, tí alájọ sì ń sàmì sínú káàdì rẹ̀. Nígbà tí ọgbọ̀n ọjọ́ bá pé, ₦29,000 ni yóò kó, nítorí owó ọjọ́ kan jẹ́ ti alájọ. Àmì 30 ló wà lórí káàdì. Káàdì kò sọ pé ọ̀kan nínú wọn jẹ́ owó iṣẹ́. Alájọ ló mọ ìyẹn. Àká dátà ni káàdì, model sì ni alájọ tó mọ ìtumọ̀ àmì tó wà nínú rẹ̀.

Bí alájọ náà bá wá gbé iṣẹ́ rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ńkọ́? Oníbàárà lè béèrè owó lórí ojú òpó, lórí áàpù, tàbí kí ó tẹ kóòdù USSD tí kò nílò dátà. Ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ló ní controller tirẹ̀. Bí ẹni tó kọ ti ojú òpó bá fi òfin owó ọjọ́ kan sínú controller rẹ̀, kò ní sí wàhálà títí di ọjọ́ tí ẹlòmíràn yóò kọ ti USSD láìmọ̀ pé irú òfin bẹ́ẹ̀ wà. Ẹni tó gba ojú òpó yóò kó ₦29,000, ẹni tó tẹ kóòdù yóò kó ₦30,000. Kò sí ẹ̀rọ tó bàjẹ́, kò sí olè tó wọlé, síbẹ̀ owó ń jò. Agbo ilé ẹlẹ́nu ọ̀nà mẹ́ta nìyẹn, tí wọ́n fi aṣọ́nà sí ẹyọ kan.

Bí òfin náà bá wà nínú model, ohun tí controller kọ̀ọ̀kan yóò sọ kò ju pé, "Oníbàárà yìí fẹ́ kó owó rẹ̀." Model ni yóò ṣírò.

Bí oníbàárà bá tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mejì

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fà, oníbàárà tó fẹ́ yọ ₦20,000 nínú ₦29,000 sì tún bọ́tìnnì tẹ̀. Ìbéèrè méjì dé lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn méjèèjì wo àká, wọ́n rí ₦29,000, wọ́n gbà pé ó tó, ₦40,000 sì jáde.

Model tó dára kì í ya wíwo owó kúrò lára yíyọ owó. Ó ń ní kí àká dátà ti àkáǹtì náà pa títí ìbéèrè àkọ́kọ́ yóò fi parí. Nígbà tí èkejì bá wọlé, ₦9,000 ni yóò bá. Ó sì ń tọ́jú nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, kí ó lè mọ̀ pé èyí tó dé lẹ́ẹ̀kejì kì í ṣe tuntun. Kì í ṣe gbogbo ẹjọ́ "wọ́n ti yọ ọ́ níbí, kò dé ọ̀hún" ni èyí lè yanjú o, nítorí báńkì méjì kì í lo àká kan náà.

Model kan náà ló yẹ kó pinnu bí wọ́n ṣe ń ka owó. Bí wọ́n bá ní kí èdè Python tàbí JavaScript ṣe àròpọ̀ 0.1 àti 0.2, 0.30000000000000004 ni yóò dáhùn. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi ń tọ́jú owó ní kọ́bọ̀, láìsí ààmì ẹ̀sún rárá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní GitHub

Kì í ṣe gbogbo ìṣọ́ ni ti model. Ní oṣù Kẹta ọdún 2012, ọ̀dọ́ onímọ̀ kan láti Rọ́ṣíà fi kún fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ kọ́kọ́rọ́ lórí GitHub ohun tí fọ́ọ̀mù náà kò béèrè: nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹlòmíràn. Ètò náà gbà á wọlé bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ́ náà sì rí àyè kọ nǹkan sínú kóòdù Rails fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, Rails 4, tó jáde lọ́dún 2013, gbé iṣẹ́ yíyan ohun tí fọ́ọ̀mù lè gbé wọlé fún controller. Ìpinnu tó bọ́gbọ́n mu ni: ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló yẹ kó yẹ ẹrù wò.

Àṣejù wà lọ́nà kejì pẹ̀lú. Àwọn kan ti kó ohun gbogbo sínú model, títí kan ìfiránṣẹ́ ímeèlì, tó fi di pé ẹnikẹ́ni kò lè kà á tán mọ́.

Ẹni tó gbé iṣẹ́ fún olùkọ ètò kọ̀ǹpútà kò nílò láti mọ kóòdù kí ó tó yẹ èyí wò. Kí ó bi í pé: bí owó iṣẹ́ alájọ bá yí padà lọ́la láti owó ọjọ́ kan sí ààbọ̀ rẹ̀, ibi mélòó ni yóò ní láti tún ṣe?