Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ta ló ń sọ ìtàn ẹrú?

Ẹ rántí Jim, ẹrú tó sá lọ nínú Adventures of Huckleberry Finn tí Mark Twain gbé jáde ní 1884? Huck, ọmọdékùnrin aláwọ̀ funfun, ló ń sọ ìtàn yẹn. Ohun tí Huck bá rí là ń rí. Bó bá kúrò lọ́dọ̀ Jim, Jim pòórá nìyẹn.

Ní 2024, Percival Everett wá gbé ìtàn lé Jim fúnra rẹ̀ lẹ́nu nínú ìwé James. Odò Mississippi kan náà ni, Huck kan náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: Gẹ̀ẹ́sì tó já geere ni àwọn ẹrú ń sọ láàárín ara wọn! Bí aláwọ̀ funfun bá yọjú, wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ lẹ́nu, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Jim tilẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọdé bí wọn yóò ṣe máa ṣe é. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì dùn mí wọra. Huck ò lè sọ èyí fún wa láé. Òun náà wà lára àwọn tí wọ́n ń fi í pa mọ́ fún.

Ìwé náà gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 2025. Ní tèmi, n kò lè ka ti Twain mọ́ kí n má máa fura sí gbogbo ọ̀rọ̀ tí Jim bá sọ.