Inú Aago Omega Speedmaster, Kálíbà 321
Swítsálándì, láàárín ọdún 1965 sí 1968. Irin, idẹ tí a fi bàbà bò, òkúta rúbì 17.

A ṣí ẹ̀yìn aago ọwọ́ yìí kí ẹ lè rí inú rẹ̀. Iléeṣẹ́ Lemania ló ṣe ẹ̀rọ rẹ̀, Kálíbà 321, fún Omega. Kò lo bátìrì. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ wo kẹ̀kẹ́ kékeré tó ní òpó wẹ́wẹ́ lórí: òun ni ọ̀gá. Bí a bá tẹ bọ́tìnì òkè, kẹ̀kẹ́ náà á yí díẹ̀, abẹ́rẹ́ gígùn tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá á sì gbéra. Bí a bá tún un tẹ̀, abẹ́rẹ́ á dúró gbọnin. Irú aago yìí ló wà lọ́wọ́ Buzz Aldrin, arìnrìn-àjò òfuurufú, lórí òṣùpá lọ́dún 1969.

Epo inú aago a máa gbẹ, irin á wá máa ha irin. Ìdí nìyẹn tí a fi tú u palẹ̀, tí a fọ̀ ọ́, tí a sì kán epo tuntun sí i, ẹ̀kán tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ.

Dígí abẹ́ rẹ̀ ń fi ojú aago hàn. Ọ̀dà tó máa ń tàn lókùnkùn tẹ́lẹ̀ ti pọ́n bí oyin, a kò sì tún un kùn. Ojú àtijọ́ sàn ju ojú àtúnkùn lọ.