Ìtẹ́ Ṣáájú Iná: Ìwé Ìfihàn Lórí Ìtàgé Wa

Ní Ìlua níbí, ó ṣọ̀wọ́n kí àìsùn ìparí ọdún kọjá láìsí eré ọjọ́ ìdájọ́. Fèrè á dún, àwọn kan á pòórá sẹ́yìn aṣọ ìkélé, àwọn tó kù á bọ́ sínú iná. Lẹ́yìn irú eré bẹ́ẹ̀ kan, ìyá àgbà kan tí iná ọ̀gbẹlẹ̀ ti jó oko kajú rẹ̀ bi wá pé, "Pásítọ̀, ṣé bí àwọn tó ń tiná bọ igbó ni Ọlọ́run náà máa ṣe?" A kò rí èsì gidi fún un lálẹ́ ọjọ́ náà.

Apokálúpsis, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó ṣíwájú ìwé náà, kò túmọ̀ sí ìparun. Ṣíṣí ohun tó fara sin payá ni. Ìdí nìyí tí Bíbélì wa fi pè é ní Ìfihàn. Ìwé náà sì sún mọ́ eré ju bí a ti rò lọ. Orí 1 ẹsẹ 3 súre fún ẹni tó ń kà á àti àwọn tó ń gbọ́: ẹnì kan ń kà sókè, ìjọ ń tẹ́tí. Àwọn àgbà 24 ń kọrin, èdìdì méje ń ṣí níkọ̀ọ̀kan bí ìran eré. Ṣùgbọ́n ẹ wo ètò rẹ̀. Ìtẹ́ àti Ọ̀dọ́-Àgùntàn tí a ti pa ló wà ní orí 4 àti 5, kí ìyọnu kankan tó bẹ̀rẹ̀. Adágún iná kò dé títí di orí 19. Ìlú mímọ́ ló gbẹ̀yìn. Orí 20 ni eré tiwa sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló ń parí sí.

Kò rí bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Hubert Ògúǹdé ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá nígbà tó ṣe eré fún Ìjọ Olúwa (Aládùúrà) ti Ẹbúté-Mẹ́ta, ní gbọ̀ngàn Glover l'Ékòó, oṣù kẹfà ọdún 1944. The Garden of Eden and the Throne of God ni àkọlé rẹ̀: ìtẹ́ wà nínú orúkọ eré náà gan-an. Ní 1945 ó gbé Nebukadinésárì àti àsè Bẹliṣásárì jáde láti inú ìwé Dáníẹ́lì. Ọdún kan náà ni Strike and Hunger, lórí ìdaṣẹ́sílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́, èyí tí ìjọba amúnisìn fòfin dè ní Jọs ní 1946. Ẹni tó bá mọ Dáníẹ́lì orí 5 kò ní rò pé eré méjèèjì jìnnà síra. Ọba tó ń fi ohun èlò tẹ́ḿpìlì mutí ni ìdájọ́ kọ́kọ́ kàn. Lórí ìtàgé tiwa ńkọ́? Ọmọbìnrin tó wọ ṣòkòtò la máa ń jù síná. A kò tíì rí ẹni tó kó owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù jẹ níbẹ̀.

Mike Bámilóyè àti Mount Zion, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1985, sọ eré di iṣẹ́ ìwàásù fún ìran tiwa, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n níbi ìfidánrawò, ipa Sátánì làwọn ọ̀dọ́ ń jà dù, torí òun ló ń gba àtẹ́wọ́. Ta ni yóò ṣe Ọlọ́run? Jòhánù kò ṣàpèjúwe ojú Rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ òkúta iyebíye àti òṣùmàrè ló rí. Àga òfìfo kan, fìtílà, àti ẹgbẹ́ akọrin ti tó.

A padà lọ bá ìyá náà nílé, a ka Ìfihàn 11:18 fún un, pé àwọn tó ń ba ayé jẹ́ ni Ọlọ́run yóò pa run. Ó ní ká tún un kà. Lẹ́yìn náà ó béèrè pé, "Kí ló dé tí ẹ ò fi ìyẹn sínú eré?"