Ẹ má fi abẹ họ ọ̀rá ara bọ́nẹ́ẹ̀tì o! Bí wọ́n ṣe ń ba ọ̀dà mọ́tò tòkunbọ̀ jẹ́ l'Óṣòdì àt'Ìsọlọ̀

Àjọ ọdún méjì ni ọkùnrin kan tó ń gbé n'Ìsọlọ̀ dá kó tó ra Corolla tòkunbọ̀, àmọ́ ọjọ́ kẹta tó ra mọ́tò náà ló káwọ́ lérí lẹ́bàá títì. Kì í ṣe pé olè gbé e, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ò sì dẹnu kọlẹ̀. Ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti pọ́n rúsúrúsú lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ló ní kí wọ́n bá òun yọ. Àwọn ọmọ tó ń fọ mọ́tò ló gbéṣẹ́ fún, wọ́n ní, 'Ọ̀gá, ẹ fọkàn balẹ̀, kò lè ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.' Abẹ ni wọ́n kọ́kọ́ fi họ ọ́. Nígbà tí abẹ ò ràn án, wọ́n da tínà sí i. Kí wọ́n tó nu ún tán, irin ti yọjú níbi mẹ́ta, ọ̀dà tó kù sì wú bí ara ẹni tí omi gbígbóná jó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọjà mọ́tò l'Ékòó, ẹ mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí. 'Fọ́ọ̀sì bọ́dì' ni wọ́n ń pe mọ́tò tí ọ̀dà tó gbé ti kọ́ńpìnì wá ṣì wà lára ẹ̀, owó gidi sì ni fọ́ọ̀sì bọ́dì. Bí oníbàárà bá ti rí i pé wọ́n tún bọ́nẹ́ẹ̀tì kùn, ohun tó máa sọ sí i lọ́kàn ni pé mọ́tò náà ti ní jàǹbá rí, lá bá bẹ̀rẹ̀ sí í já owó lé e.

Ọ̀rá yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí o. Kọ́ńpìnì 3M l'Amẹ́ríkà ló ṣe irú ẹ̀ jáde nígbà ogun Vietnam, ní nǹkan bí ọdún 1960 sí 1970. Ara abẹ̀bẹ̀ hẹlikópítà ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, kí iyanrìn àti òkúta má baà máa jẹ ẹ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ló bọ́ sára mọ́tò. Òkúta wẹ́wẹ́ tí táyà mọ́tò iwájú ń ta ni wọ́n ń sá fún, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bọ́ḿpà àti iwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa ń rí i jù.

Tó bá wà ní tuntun, ó mọ́ kedere, ojú kì í tètè rí i. Àmọ́ bí oòrùn bá ti pa á fún ọ̀pọ̀ ọdún, á pọ́n, á gan, á sì máa sán wẹ́wẹ́. Bí mọ́tò bẹ́ẹ̀ bá dúró ní Ládípọ̀, wàá rò pé ọ̀dà gan-an ló ń bó. Bẹ́ẹ̀, ọ̀dà abẹ́ ẹ̀ lè wà bó ṣe wà, àmọ́ kò nípọn. Gbogbo ọ̀dà tó wà lára mọ́tò, látìsàlẹ̀ dókè, ò fi bẹ́ẹ̀ ju irun orí méjì tí wọ́n tò léra wọn lọ. Ẹ wá ro ohun tí abẹ máa ṣe fún un.

Ooru ni ẹ̀rọ̀ ẹ̀. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ wo àwọn nọ́ọ̀tì tó dè é mú. Bí ọ̀dà orí wọn bá ti bó bíi pé sípánà ti kàn án rí, tàbí tẹ́ ẹ rí ọ̀dà lára rọ́bà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti tún un kùn. Ọ̀dà ẹ̀bá títì kì í di irin mú tó ti kọ́ńpìnì tí wọ́n fi ooru yan, ọ̀rá lè fà á tẹ̀lé ara ẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ dáadáa ni kẹ́ ẹ gbé irú ẹ̀ fún.

Bó bá jẹ́ fọ́ọ̀sì bọ́dì, ẹ gbé e síbi ibòòji, kẹ́ ẹ fọ iyanrìn ara ẹ̀ kúrò. Ẹ wá díráyà táwọn onídìrí fi ń gbẹ irun. Bí ò bá sí iná, aṣọ ìnura tẹ́ ẹ rì bọ omi gbígbóná náà á ṣe é, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí omi yẹn kan dígí, ó lè sán. Ibi kékeré ni kẹ́ ẹ máa mú lẹ́ẹ̀kan, kó gbóná débi tọ́wọ́ ṣì lè fara dà á. Ẹ fi èékánná tàbí káàdì ATM tí ò ṣiṣẹ́ mọ́ gbé etí ẹ̀. Ẹ má fà á sókè gbọnrangandan o, ńṣe ni kẹ́ ẹ ká a padà sórí ara ẹ̀, kẹ́ ẹ máa fà á jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ṣí báńdéèjì lójú egbò. Tó bá ti ń já, ó ti tutù nìyẹn, ẹ tún fi ooru sí i. Ó lè gba odindi ọ̀sán, àmọ́ ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Gọ́ọ̀mù tó bá ṣẹ́ kù ńkọ́? WD-40 tàbí kẹrosíìnì díẹ̀ lára àkísà rírọ̀ ni, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dán an wò níbi tójú ò tó, kẹ́ ẹ sì fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́yìn ẹ̀. Kí díráyà ti kúrò nítòsí kẹ́ ẹ tó ṣí kẹrosíìnì o. Tínà ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀ fún pẹ́ńtà. Bẹntiróòlù ńkọ́? Iná nìyẹn, ẹ jìnnà sí i.

Bọ̀dá Ìsọlọ̀ ti tún bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀ kùn báyìí. Ó ń dán, àmọ́ tó bá ti bọ́ sínú oòrùn, àwọ̀ ẹ̀ ò bá ti ẹ̀gbẹ́ mu. Ó ní gbogbo ẹni tó bá ti wò ó ló máa ń béèrè pé, 'Ta lẹ lọ kọlù?' Bẹ́ẹ̀, kò kọ lu ẹnì kankan.