Ṣé O Mọ̀? Pọ́lọ́ọ̀gì Jíìpù Àtijọ́ àti Ti Ọkọ̀ Ojú Omi ní Creek Road

Ṣé o mọ̀ pé ní ọjà Creek Road ní Port Harcourt, níbi tí ẹja, edé àti ìṣáwùrù ti pọ̀ bí erùpẹ̀, pọ́lọ́ọ̀gì wà lára ohun tó ń gbé èrò dé ọjà? Ọkọ̀ ojú omi tó ń ná Bonny àti Nembe wà létí ibẹ̀, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n gbé kọ́ ìdí wọn sì ń fi pọ́lọ́ọ̀gì ṣáná bíi ti jíìpù.

Ṣé o mọ̀ pé ìjọra yẹn lè ba ẹ́ńjìnnì rẹ jẹ́? Gbé pọ́lọ́ọ̀gì ilé iṣẹ́ NGK méjì sọ́wọ́. B8HS jẹ́ irú èyí tí àwọn ẹ́ńjìnnì Yamaha tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo wọn ń lò. BPR6ES ni ti Land Rover Discovery V8 àtijọ́. Ẹsẹ̀ tí wọ́n ń yí wọlé nípọn tó mìlímítà 14 lára àwọn méjèèjì, sípánà kan náà ló sì ń tú wọn. Àmọ́ ẹsẹ̀ ti ọkọ̀ ojú omi gùn ní mìlímítà 12.7 péré, ti jíìpù jẹ́ 19. Bí o bá fi kúkúrú sínú jíìpù, yóò wọlé wẹ́rẹ́, ẹ́ńjìnnì yóò tiẹ̀ dún. Iná rẹ̀ yóò máa ṣẹ́ nínú ihò, kábọ́ọ̀nù yóò sì dí ìyókù ihò náà pa, tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí o bá ra èyí tó tọ́, kò ní í wọlé mọ́. Tí o bá wá fi gígùn sínú ti ọkọ̀ ojú omi ńkọ́? Písítìnì á gbá a. Kí o wá mọ ibi tó máa ṣẹlẹ̀ sí: àárín omi.

Ṣé o mọ̀ pé nọ́ńbà tó wà lára pọ́lọ́ọ̀gì kì í sọ ohun kan náà láti ilé iṣẹ́ kan sí èkejì? Lọ́dọ̀ NGK àti Denso, bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ni pọ́lọ́ọ̀gì ṣe ń tutù sí i. Lọ́dọ̀ Bosch àti Champion, bó bá ṣe ń ga ló ṣe ń gbóná sí i. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé 6 kò ní ju 6 lọ, rẹ́rìn-ín, kí o kọjá lọ.

Bosch àti NGK yìí ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Gottlob Honold, ẹnjiníà Robert Bosch ní Jámánì, ló ṣe pọ́lọ́ọ̀gì àti mágínẹ́ẹ̀tò oníná ńlá jáde ní 1902. NGK bẹ̀rẹ̀ ní Nagoya ní 1936.

Ṣé o mọ iye ìgbà tí pọ́lọ́ọ̀gì kan ń ṣáná? Bí ẹ́ńjìnnì jíìpù bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 25 ni láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti ọkọ̀ ojú omi onípípo-ọ́ìlì, ìgbà 50.

Bátìrì rẹ ń mú fóòtì 12 wá. Kọ́ọ̀lì sọ ọ́ di ohun tó ju 20,000 lọ. Wáyà ló ń ru gbogbo rẹ̀ dé orí pọ́lọ́ọ̀gì, síbẹ̀ ṣé o mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wáyà bẹ́ẹ̀ kò ní kọ́pà nínú? Okùn oníkábọ́ọ̀nù ni, kí rédíò má baà máa ha. Ìdí nìyí tí a kì í fi í fa wáyà lára: orí rọ́bà rẹ̀ ni kí o dì mú, kí o yí i díẹ̀, kí o tó fà á. Ó lè já nínú kí ara rẹ̀ máa dán. Fi mítà wọ̀n ọ́n: ìwé àtúnṣe Toyota àtijọ́ ní wáyà kan kò gbọdọ̀ kọjá ohm 25,000.

Òjò Port Harcourt ju mìlímítà 2,000 lọ lọ́dún. Wáyà tó ti sán kò fẹ́ràn ìyẹn. Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lóru nínú òkùnkùn, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí ọwọ́ rẹ jìnnà: iná búlúù kéékèèké tó ń fò lára wáyà ló ń mú kí ẹ́ńjìnnì máa já lu ara rẹ̀, tó ń dà ọ́ láàmú.

Ṣé o mọ̀ pé wáyà tuntun pàápàá lè jà? Ẹ́ńjìnnì V8 ti Discovery yẹn, tí Rover gbà lọ́wọ́ General Motors ní 1965, ń ṣáná báyìí: 1-8-4-3-6-5-7-2. Sìlíńdà 5 àti 7 fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, wọ́n sì ń tẹ̀lé ara wọn. Bí wáyà wọn bá sùn ti ara wọn, iná 5 lè jí 7 ṣáájú àkókò. Ya wọ́n sọ́tọ̀. Land Rover onísìlíńdà mẹ́rin kò ní wàhálà yẹn: 1-3-4-2 ni tirẹ̀.

Pọ́lọ́ọ̀gì tí o tú jáde, wo ojú rẹ̀. Pupa rẹ́súrẹ́sú bí àwọ̀ ilẹ̀, ó dára. Funfun, ó ń gbóná jù. Dúdú tó ń yọ̀, ọ́ìlì ń wọlé. Dúdú gbígbẹ, epo ti pọ̀ jù. Má dá èéfín dúdú tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú ọ̀run Port Harcourt ní 2016 lẹ́bi.

Ikoku ní Diobu ni kí o ti ra tuntun, kí o sì gbé mítà dání. Èyí tó ní R nínú orúkọ gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí ohm 5,000 hàn. Bí ó bá fi òdo hàn, ayédèrú ni, bó ti wù kí páálí rẹ̀ rẹwà tó.

Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù. Alumíníọ̀mù ni orí V8 yẹn. Fẹ́ erùpẹ̀ kúrò lójú ihò kí o tó tú u. Ọwọ́ lásán ni kí o fi yí tuntun wọlé títí yóò fi jókòó, lẹ́yìn náà kí o fi sípánà yí i ní ìlàjì àyíká sí i. Ó tó.

Ṣé díísù ni jíìpù tìrẹ ń mu? Kò ní pọ́lọ́ọ̀gì tó ń ṣáná rárá. Ẹni tó bá ní kí o san owó pọ́lọ́ọ̀gì àti wáyà mẹ́fà, bi í ibi tó fẹ́ fi wọ́n sí.